Wọ́n Kọ̀ fún Mi ní Bánkì, Mo Mú Àgbà Dání Padà Lọ

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kí Bàámi lórí àga wọn níwájú ilé, mo mọ̀ pé rédíò wà létí wọn bí wọ́n ṣe ń ka èyí fún yín. Mo kí Dáre àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ ní Ifọ̀. Mo kí Àǹtí mi ní Asese, kí wọ́n má bínú pé n kì í pè. Mo kí gbogbo àwọn tó ń wá ra ìṣó àti páànù lọ́wọ́ yín ní Mowe, títí kan àwọn tó ń ná ọjà fún wákàtí kan tí wọn ò ní rà á.

Ìwé ìròyìn kan ló ní kí àwa ọmọ tó wà lẹ́yìn odi kọ lẹ́tà sílé, kí àwọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní kí n lo àǹfààní yẹn. Mo lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lórí fóònù, àmọ́ ẹ máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu kí n tó débì kan. Inú ìwé rèé, ẹ ò rí ẹnu mi gbà á. Ẹ rẹ́rìn-ín, Màámi, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni. Yàtọ̀ síyẹn, ó jọ pé gbogbo ìyá tó wà láti Ibafo títí dé Asese ló kọ́ ọmọ wọn ní ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi, kí àwọn náà gbọ́ ibi tó gbé mi dé.

Òtútù ibí yìí kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ẹ rántí ọdún tí ọyẹ́ mú, tí ètè Dáre là, tí ẹ ń fi òrí pa á? Eré ni ọyẹ́ yẹn. Ní Kánádà níbí, bí mo bá jáde láàárọ̀, omi ojú mi á ti fẹ́ dì kó tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún kẹta mi rèé, síbẹ̀ bí yìnyín bá ti ń bọ́ láti òkè, mo ṣì máa ń dúró la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé. Kì í pariwo rárá. Òjò Mowe, ẹ máa gbọ́ ọ lórí páànù kó tó kan ilẹ̀. Èyí, ẹ kàn máa yọjú ni, gbogbo ìlú ti funfun báláú. Iṣẹ́ Olúwa tóbi.

Mo ṣì wà níbi iṣẹ́ mi, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Màmá kan wà níbẹ̀ tí wọn ò dá àwọn ọmọ wọn mọ̀ mọ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti rí ikùn mi, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e, wọ́n á máa kọrin. Oyún ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà mi ò gbà mí mọ́. Ọkọ mi, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ẹrù ńlá ló ń wà. Tó bá jáde, ó lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọlé. Tó bá ti lọ, èmi àti ògiri la jọ ń wo ara wa. Ọwọ́ ni èmi àti aládùúgbò mi máa ń jù síra wa, n ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. N ò sọ ọ́ lórí fóònù rí. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ bímọ sínú ilé tí kò sí àgbà. Mo mọ arúgbó wẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọmọ ọjọ́ kan, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ta ni yóò sọ fún mi pé ẹkún tó ń sun yẹn, ebi ni tàbí inú rírun?

Ìdí nìyí tí mo fi pariwo nígbà tí Dáre pè pé fisa yín ti jáde. Mo jó nínú ilé ìdáná, mo jó títí ó fi rẹ̀ mí. Ó wá ku tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù. Owó tó wà lọ́wọ́ wa, a ti fi gba ilé tó fẹ̀ díẹ̀ nítorí ọmọ. Káàdì ọkọ mi ti kún dẹ́nu. Ó ku káàdì tèmi.

Kí n ṣàlàyé káàdì yìí fún Bàámi, nítorí wọ́n máa béèrè. Kì í ṣe irú èyí tí à ń fi gba owó ara wa lẹ́nu ẹ̀rọ ní Mowe o. Káàdì àwìn ni mò ń pè é. Bánkì ló máa bá ọ sanwó ọjà, ìwọ á wá máa san án padà fún wọn. Bí o bá fi falẹ̀, èlé á máa gun orí rẹ̀. Wọ́n máa ń pa ààlà sí i, pé àwìn rẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá ibi báyìí. Ààlà tèmi kéré débi pé kò lè ra ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ n ò fi owó wọn falẹ̀ rí, n ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi sún ààlà náà síwájú.

Háà, Màámi! N ò tíì gbé ìka kúrò tí èsì fi dé. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣe é lásìkò yìí, lẹ́tà á tẹ̀ lé e láìpẹ́ tó máa sọ ìdí. Mo wo fóònù, fóònù wò mí. Nílé, bí èèyàn bá tiẹ̀ fẹ́ kọ̀ fún ọ, á kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ilé, á ní kó o padà wá lọ́la, á fi ọ̀la gbé ọ dé ọ̀túnla. Àwọn yìí kọ̀ fún mi kí n tó mí. Ó dùn mí wọra. Àmọ́ kí n má purọ́, ó tún yà mí lẹ́nu pé nǹkan lè yára tó bẹ́ẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, oyún ò sì ń dúró de ẹnikẹ́ni. N ò lè dúró de lẹ́tà. Mo pe Bàbá Ifọ̀.

Ẹ ò tíì mọ̀ wọ́n. Àgbà ìjọ wa níbí ni wọ́n. Ọmọ Ifọ̀ ni wọ́n, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti kúrò nílé, síbẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa rò pé àná ni wọ́n bọ́ sọ́kọ̀. Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn. Wọ́n bi mí pé ta ni mo mú dání lọ. Mo ní n ò mú ẹnì kankan, fóònù ni mo tẹ̀. Wọ́n ní abájọ! Wọ́n ní ta ló ń dá lọ tọrọ nǹkan ńlá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí? Wọ́n ní bí wọ́n bá kọ̀ fún ọmọdé, àgbà ló ń bá a padà lọ. Màámi, ṣé irọ́ ni wọ́n pa? Nígbà tí onílé wa ní Ibafo fẹ́ lé wa jáde, ṣebí ẹ̀yin àti alága àdúgbò lẹ jọ lọ bẹ̀ ẹ́ tó fi fún wa lóṣù mẹ́fà sí i. Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́ta níbí, mo mọ̀ pé wọn kì í ṣe é báyẹn. Síbẹ̀ mo gbà, torí n ò ní nǹkan míì tí mo lè ṣe.

Ẹ bá rí wa lọ́jọ́ yẹn! Bàbá wọ agbádá lé kóòtù òtútù lórí, agbádá dúró gbagidi bí àgọ́. Wọ́n dé fìlà, wọ́n fi ìborùn di í mọ́ etí kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Èmi wọ ìró àti bùbá, pẹ̀lú bàtà yìnyín tó ga dé orúnkún. Bàbá di apá mi mú, èmi di ikùn mú, à ń rọra tẹ yìnyín lọ. N ò mọ ẹni tó ń gbé ẹnì kejì ró nínú wa.

Obìnrin tó dá wa lóhùn ní bánkì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Bàbá ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba fún un, àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún! Wọ́n sọ fún un pé ọmọ àwọn ni mí, pé àwọn mọ ìwà mi, pé ọmọ ilé ire ni mí láti Mowe, pé n kì í jẹ gbèsè. Wọ́n ní bí mo bá ti ṣẹ ilé iṣẹ́ wọn, kí wọ́n foríjì mí nítorí ẹni tí mo gbé sínú. Obìnrin náà fò dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní n ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó lọ bu omi wá fún Bàbá, ó gbé àga fún wọn níbi tí ooru wà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún wa jẹ́jẹ́ pé òun kọ́ ló kọ̀ fún mi, ọ̀gá òun náà kọ́. Ó ní kò tiẹ̀ sí èèyàn kankan tó rí ẹ̀bẹ̀ mi. Ẹ̀rọ ló kà á, ẹ̀rọ ló dáhùn.

Bàbá gbé ife sílẹ̀. Wọ́n bi í pé ta wá ni àgbà ẹ̀rọ náà, kí á lọ bá a.

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa mí, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. Ẹ rò ó wò ná, Màámi. Nǹkan tí kò ní ojú tí èèyàn lè wò kó bẹ̀ ẹ́, tí kò ní ìyá tí a lè rán sí i, tí kò mọ Mowe, tí kò mọ ọmọ ilé ire. Òun ló sì jókòó sórí ọ̀rọ̀ bóyá ẹ máa wá gbọ́mọ mi tàbí ẹ ò ní wá. Orí mi wú. N ò rò pé ayé ti lọ jìnnà tó báyìí.

Àmọ́ ìbéèrè Bàbá kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀ o. Obìnrin náà ní àwọn èèyàn kan wà lóòótọ́ tó lè tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò tí èèyàn bá bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ wo ohun tó fà á. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí mi. Ó ní ẹ̀rọ sọ pé owó tó ń wọlé fún mi kéré. Mo wo iye tó wà níbẹ̀. Kò tó ìdajì ohun tí mò ń gbà! Mo gbaná jẹ, mo ní ta ló kọ irú ìyẹn. Ó ní èmi ni. Ó ní nígbà tí mo fẹ́ gba káàdì náà, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Màámi, òótọ́ ni. Èmi ni mo kọ ọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni.

N ò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ rántí ìgbà tí mò ń ṣe tíṣà ní Ibafo, tí mo sọ iye owó oṣù mi fún ará ilé wa kan? Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, èèyàn mẹ́ta ti wá yáwó, ìkẹrin ń sọ kiri pé ahun ni mí. Ẹ fà mí létí, ẹ ní iye tó ń wọlé fún èèyàn, abẹ́ ahọ́n ló ń gbé. Ẹ ní bí ọkọ mi bá bi mí lọ́jọ́ iwájú, kí n yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí ẹ̀yin gan-an bá bi mí, kí n ní à ń rí jẹ, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà kúkú ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ ta páànù odidi ọkọ̀ kan fún àwọn tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì bi yín pé ọjà ńkọ́. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ ní à ń rọra tì í, a ò tíì ta ju ìṣó lọ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, ẹ ṣẹ́jú sí mi.

Nítorí náà, nígbà tí fọ́ọ̀mù bánkì bi mí, mo ní kí ló kàn wọ́n? Ayé le. Mo kọ ìdajì, mo tún yọ díẹ̀ nínú ìdajì. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn pé mo gbọ́n.

Obìnrin náà, tí kò mọ gbogbo ìtàn yìí, fi sùúrù bi mí pé èló gan-an ló ń wọlé fún mi. Bàbá Ifọ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn! Ilé wọn ni gbogbo ìjọ ti ń jẹun lọ́jọ́ Ìsinmi! Mo wo Bàbá, Bàbá wò mí. Ó yé wọn. Wọ́n rọra dìde, wọ́n ká agbádá lé èjìká, wọ́n lọ dúró síwájú fèrèsé, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n wá fi ìka méjèèjì di etí ara wọn. Ní gbangba bánkì òyìnbó! Àwọn èèyàn ń wò wọ́n, Bàbá ò kọbi ara sí wọn.

Màámi, n ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó ṣe mí. Omi kàn ń dà lójú mi ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń rìn nínú ìlú yìí bí ẹni tí kò ní ìyá, kí ẹnì kan tó mọ ohun tó ń tì mí lójú láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Ó sì di etí rẹ̀ nítorí mi. Títí mo fi máa kú, n ò ní gbàgbé ẹ̀yìn agbádá yẹn.

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé tí mo máa ń ṣe kún un. Ó dà bíi pé mo bọ́ra sí gbangba. Mò ń retí kí obìnrin náà ṣe háà, tàbí kó sọ pé ọmọ òun ò tíì san owó ilé ìwé. Kò ṣe nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ bí ẹni ń kọ ọjọ́ ìbí, ó gba ìwé owó oṣù mi, ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi ojú èèyàn wò ó. Ó ní kí n fún wọn ní ọjọ́ méjì, òun ò sì lè ṣèlérí.

Nígbà tí a jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n ní kí ni mò ń dúpẹ́ fún, yìnyín ni àwọn ń wò. Wọ́n ní ó ti tó ogójì ọdún tí àwọn ti fẹ́ ìyàwó àwọn, kò tíì mọ iye tí àwọn ń gbà, kí n má lọ sọ fún un pé bánkì mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ inú mi yí.

Ọjọ́ méjì náà gùn bí ọdún. N ò lè jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, mò ń wẹ màmá tó máa ń kọrin fún ikùn mi nígbà tí fóònù gbọ̀n nínú àpò mi. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, n ò lè wò ó. Mo fọ ẹ̀yìn wọn tán, mo nù wọ́n, mo wọṣọ fún wọn, mo gbé wọn jókòó, kí n tó yọ ọ́. Wọ́n ti gbà! Kò tó gbogbo ohun tí mo béèrè, àmọ́ ó tó tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì ku díẹ̀. Mo pariwo orúkọ Jésù. Màmá náà ń bá mi pàtẹ́wọ́, wọn ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ̀rù má ba Bàámi. Àwìn ṣì ni àwìn, a mọ̀. Èmi àti ọkọ mi ti sọ ọ́, a mọ iye oṣù tí a máa fi san án. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo sọ iye tí mò ń gbà fún òun náà. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, pé bí mo ṣe ń ná an ni òun fi ń kà á.

N ò dá yín lẹ́bi, Màámi. Ẹ̀kọ́ yẹn ló dáàbò bò mí nílé, mo ṣì máa kọ́ ọmọ mi. Ó kàn jẹ́ ìyanu fún mi pé ohun tó jẹ́ ọgbọ́n ní Mowe ló fẹ́ẹ́ dá yín dúró sí Mowe.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo jókòó láti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù fisa yín, Dáre ló kọ ọ́ nílé, n ò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó ń bọ̀, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ọwọ́ mi dúró. N ò pe orúkọ yín rí. Mo mọ̀ ọ́n, mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu Bàámi, mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ yín, àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, Màámi ni. Ṣé èmi ni kí n wá máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀? N ò lè jókòó ṣe é. Mo gbé fóònù sórí ibùsùn, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ tikùn-tikùn, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo wá tẹ̀ ẹ́. N ò ní kọ ọ́ síbí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i, orúkọ yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa gbéra àti ọjọ́ tí ẹ máa balẹ̀ sí ìlú tí mo wà. Háà, Màámi! Mo wò ó, mo wò ó, n ò lè gbójú kúrò.

Mo sanwó, owó wọlé. Ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni mo rí i pé n ò lè dìde. Ikùn wúwo jù, orúnkún mi ti kú, ọkọ mi wà lójú ọ̀nà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè pè. Mo di ẹsẹ̀ ibùsùn mú, mo sinmi, mo tún gbìyànjú, ó pẹ́ kí n tó dìde. Nítorí náà, ẹ má ro ẹrù púpọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ̀gúsí wúwo, ẹ kó o fún Dáre. Bí wọ́n bá ní aṣọ pọ̀ jù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣáà wá, kí ẹ wá fà mí dìde.

Kí Olúwa ṣọ́ ìjáde yín àti ìwọlé yín, kó bá wa tọ́jú Bàámi títí ẹ ó fi padà, kó jẹ́ kí ohùn ìyá àti ohùn ọmọ dún láyọ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ mi. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ bá mi kí ẹni tó béèrè mi àti ẹni tí kò béèrè.

Èmi ni Fọlákẹ́, ọmọ yín.